Ìkòkò Ọjọ́ Àkọ́rọ̀

"Ọ̀wẹ̀," ni Ẹlẹ́rìí wí.

Bàbá Súfiánù kò gbé igbá rẹ̀ kúrò. Ó fi etí ẹ̀wù nu ìdí rẹ̀ bí ẹni pé ìdọ̀tí ló di ẹ̀rọ Ẹlẹ́rìí lójú, ó sì tún gbé e sókè síwájú ojú gíláàsì kan ṣoṣo tí wọ́n kàn mọ́ òpó lẹ́nu Ilẹ̀kùn Omi. Igbá àgbà ni. Ó ti sán rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bàbá sì ti fi okùn ìpẹja gán an pọ̀.

"Súfiánù ọmọ Ajéígbé, akóẹrẹ̀," ni ẹ̀rọ náà tún wí, pẹ̀lú ohùn obìnrin tí kò bínú sẹ́nikẹ́ni rí láyé. "Ọgọ́fà ọjọ́ lo fi ṣiṣẹ́. Ọ̀wẹ̀ ni gbogbo rẹ̀. Ìlú Ẹ̀bádò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ọjọ́ ilẹ̀ gbígbẹ tó tọ́ sí ọ: kò sí."

Ènìyàn mẹ́tàdínlógójì ló tò sẹ́yìn bàbá náà, tọkùnrin tobìnrin, igbá lọ́wọ́ kálukú. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń dojú igbá dé tí wọ́n ń wo ìdí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n jí láàárọ̀, ó funfun bí ẹfun. Bí wọ́n ti wọ abẹ́ iná Ẹlẹ́rìí báyìí, gbogbo rẹ̀ ló dúdú bí aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Àrínpé, Akọ̀wé Ọ̀wẹ̀ ìlú Ẹ̀bádò, dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó náà pẹ̀lú gèlè tó fi odindi wákàtí kan wé. Nítorí ayẹyẹ agogo méjìlá ló ṣe wé e. Ó ti sọ fún ara rẹ̀ pé òun á kàn yà síbi Ilẹ̀kùn, òun á kí àwọn akóẹrẹ̀ kú iṣẹ́, òun á sì máa bá tòun lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ri nǹkan mọ́lẹ̀ kì í lè rìn jìnnà síbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ a máa gbé e padà lọ wò ó bóyá ó ti hù.

"Ẹ̀yin Akọ̀wé, ẹ má bínú o," ni Sàlámótù, ìyàwó ọmọ Bàbá Súfiánù, wí láti ẹ̀yìn. "Ọ̀rọ̀ kan ló ń yún mi lẹ́nu."

"Ìgbà wo ni ẹnu kì í yún ọ?" ni bàbá ọkọ rẹ̀ dáhùn, láìwẹ̀yìn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Àwọn gbajúmọ̀ tó wá lóṣù tó kọjá, àwọn tó wọ ìbọ̀wọ́ funfun, tí wọ́n gbé agbọ̀n òfìfo sórí, tí wọ́n ya fọ́tò, tí wọ́n jẹran: ṣebí igbá tiwọn náà dúdú?"

"Ó dúdú," ni Àrínpé wí.

"Wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀. Mo fojú mi rí i nílé Alága ìlú lọ́jọ́ tí mo lọ nu fèrèsé. Tèmi ńkọ́? Ibo ni kí n gbé e kọ́? Sára igi ọkọ̀?" Ó fọwọ́ lé ikùn rẹ̀, ikùn oṣù mẹ́jọ. "Orí omi ni mo bí àkọ́kọ́ sí. Ẹ gbọ́, mi ò ní bí èyí sórí omi."

Kò sọ ohun tó ṣe àkọ́kọ́. Kò sì sẹ́ni tó bi í.

Òfin tó ń jẹ wọ́n níyà yìí, ọmọ rere ni nígbà tí wọ́n bí i. Nígbà tí odò kọ́kọ́ gba ilẹ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀, tí ilẹ̀ gbígbẹ sì di owó tí ìlú ń san fáwọn tó ń kó ẹrẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ iṣẹ́ kan fún ọjọ́ kan nínú ìlú nígbà ìkún omi, àwọn ọlọ́lá Ẹ̀bádò a máa yọjú síbi iṣẹ́ ọ̀wẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kẹ́yìn. Wọn a jẹ, wọn a mu, wọn a rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Bó bá wá di ọjọ́ ìsanwó, wọn a tún tò pẹ̀lú àwọn alágbàṣe, wọn a gba ọjọ́ ilẹ̀ gbígbẹ sórí ilẹ̀ gbígbẹ tí wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀. Ìgbìmọ̀ ìlú wá ronú kan ohun tí àwọn baba wọn ń ṣe lóko: ẹni tí olóko bá bọ́, ọ̀wẹ̀ ló wá; ẹni tó bá gbé oúnjẹ tirẹ̀ dání, alágbàṣe ni, owó ló ń retí. Ni wọ́n bá ṣe igbá tó mọ oúnjẹ. Ẹni tó bá fi igbá rẹ̀ jẹun ìlú, ì báà ṣe ṣíbí kan, ọ̀wẹ̀ ló fi gbogbo sáà náà ṣe, ìdí igbá rẹ̀ á sì dúdú lójú Ẹlẹ́rìí títí ọdún á fi yí po. Lọ́dún àkọ́kọ́, ojú ti olówó méje. Lọ́dún kejì, wọ́n ti sọ igbá dúdú di oyè, wọ́n ń fi góòlù yí etí rẹ̀ ká. Bí ọmọ aráyé ti rí nìyẹn: pàṣán tí wọ́n bá fi nà án, yóò ní kí wọ́n bá òun fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀.

"Akọ̀wé," ni Bàbá Súfiánù pè.

Ó dun Àrínpé dénú eegun. Fún ọdún mẹ́ta, "ọmọ mi" ni bàbá yìí ń pè é.

"Ṣé ẹ rántí ọjọ́ òjò àkọ́rọ̀?"

"Mo rántí, Bàbá."

"Ó dáa. Mo ní kí n bi yín ni."

Ó rọra gbé igbá rẹ̀ kúrò níwájú ẹ̀rọ, ó sì yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹni tó tẹ̀lé e lè gbọ́ tirẹ̀. "Ọ̀wẹ̀," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Ọ̀wẹ̀." "Ọ̀wẹ̀."

Ta ni yóò gbàgbé ọjọ́ náà? Òjò àkọ́rọ̀ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà tí wọ́n ń retí rẹ̀. Omi kún ààrò àwọn akóẹrẹ̀, igi wọn tutù, wọ́n sì ti wà nínú kòtò ẹrẹ̀ láti ìdájí tí nǹkan kan ò kan ẹnu wọn. Àrínpé dáná sábẹ́ àtíbàbà. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ iṣu, òun ló se àsáró náà, ata àti ẹja gbígbẹ inú rẹ̀, láti ilé rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n iṣu, láti inú àká ìlú ni. Ó gbé ìkòkò wá sétí kòtò, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́, ó na ọwọ́ méjèèjì sí igbá bàbá náà. Bàbá fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó.

"Ọmọ mi, ṣé tìẹ ni àbí ti ìlú?"

"Tèmi ni, Bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kọ oúnjẹ mi."

Àgbà wo ni yóò kọ oúnjẹ ọmọ tó kúnlẹ̀ sínú òjò? Bàbá ṣí ọwọ́. Nígbà tí bàbá ti jẹ, ta ni yóò ní òun ò jẹ?

Àánú ló ṣe é. Àrínpé lè búra bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ náà gan-an, iye olọ́wẹ̀ tó wà nínú ìwé rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún ó dín méjìdínlógójì, ìlú tó bá sì ní ẹgbẹ̀rún olọ́wẹ̀ lọ́dún kan ni ìjọba ń gbé Òkúta Ìyìn fún: òkúta gíga kan tó ń sọ̀rọ̀, tó ń fi ohùn rara ki àwọn tó sọ ìlú náà di ẹni iyì, fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá, títí ayé. Lónìí, ní agogo méjìlá, ni wọn yóò ṣí ti Ẹ̀bádò. Bó ṣe ń bẹ iṣu lọ́jọ́ náà, kò ka iye orí tó wà nínú kòtò. Tàbí kó jẹ́ pé ó kà á, ó kàn yíjú sápá kan ni, bí ìyá tó rí ọmọ rẹ̀ tó ń mú ẹran nínú ìkòkò.

"Ẹ gba ìkòkò yín," ni Sàlámótù wí. Kò pariwo mọ́ báyìí. Ó ń bẹ̀bẹ̀. "Ẹ̀rọ nìyí, ẹnu yín nìyí. Ẹ kàn sọ fún un ohun tí ẹ sọ fún wa: ìkòkò yín ni. Àwa a di àlejò yín, iṣẹ́ wa a di àgbàṣe padà. Ṣebí ohun tí òfin wí nìyẹn?"

Ohun tí òfin wí nìyẹn. Òfin sì ní ìdajì kejì tí Sàlámótù kò sọ: ẹni tó bá fi iṣu ìlú sínú ìkòkò ara rẹ̀, olè iṣu ni. Ìlẹ̀kẹ̀ iná tó wà lọ́rùn-ọwọ́ Akọ̀wé, àmì ipò rẹ̀, á kú, ilé tó bá ipò náà wá á lọ, olúwarẹ̀ á gba igbá àti ṣọ́bìrì, yóò sì wá ibùgbé fún ara rẹ̀ bíi ti gbogbo akóẹrẹ̀. Ẹgbẹ̀rún olọ́wẹ̀ á sì dín méjìdínlógójì.

"Àwa lè sọ ọ́ fún ẹ̀rọ," ni ọ̀dọ́kùnrin kan wí láti ìdí ìlà.

"Kì í gba ẹ̀rí ẹni tí kò nílẹ̀," ni Bàbá Súfiánù dáhùn. "Ọ̀rọ̀ ti di ti Akọ̀wé."

Agogo méjìlá kù díẹ̀. Nígbà tí agogo kan ọ̀sán bá lù, Ilẹ̀kùn Omi á tì, nítorí ìkún odò ti ń bọ̀. Gbogbo ẹni tí igbá rẹ̀ dúdú tí kò sì nílé nínú ìlú gbọ́dọ̀ ti wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ níta. Bó bá sì ti tì, ó di oṣù mẹ́rin.

"Ẹ dúró dè mí," ni Àrínpé wí. "Kí agogo kan tó lù, mà á padà wá gbà á. Mo ṣèlérí."

"Kí ló dé tí kò lè jẹ́ nísinsìnyí?" ni Sàlámótù bi í.

"Alága ń retí mi. Wákàtí kan péré."

"Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, Akọ̀wé! Ìkòkò mi ni! Ẹ wò ó, mo ti kà á fún yín."

"Fi í sílẹ̀," ni Bàbá Súfiánù wí. Ó wo gèlè Àrínpé, ó wo bàtà tuntun ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ó ní òun ń bọ̀."

Kí ó tó dé gbàgede ìlú, ó ti to ọ̀rọ̀ náà pọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ dáadáa. Bó bá gba ìkòkò ṣáájú, wọn ò ní ṣí Òkúta. Bó bá jẹ́ kí Òkúta sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀kan péré, kó tó lọ gba ìkòkò rẹ̀, ta ló pa? Kì í ṣe orúkọ tirẹ̀ nìkan ló ń dúró dè. Ìyá rẹ̀ fi ọdún mọ́kànlá kó ẹrẹ̀ nílùú yìí, ó sì kú láìsí ẹni tó mọ orúkọ tó ń jẹ́ ju "ìyá kúkúrú yẹn" lọ. Nígbà tí wọ́n ní kí Àrínpé kọ bí Òkúta yóò ṣe pè é, ó kọ ọ́ pé *Àrínpé ọmọ Ẹfúnyẹlá*. Ó fẹ́ gbọ́ ọ, kí gbogbo gbàgede sì gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, kí ohun gbogbo máa lọ.

Alága Gbọ́lágadé ti jókòó nígbà tó dé. Ó wọ agbádá funfun mẹ́ta lé ara wọn, ó sì so igbá dúdú rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n fàdákà lọ́rùn, tó ń lù ú níkùn nígbàkígbà tó bá mí.

"Akọ̀wé wa! Ìwọ lo pẹ́ báyìí?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin Alága. Ẹnu Ilẹ̀kùn ni mo wà."

"Ẹnu Ilẹ̀kùn, lónìí? Àwọn akóẹrẹ̀ ò ní sá lọ. Àbí wọ́n máa sá lọ ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Jókòó jàre. Orúkọ rẹ ń bọ̀ níwájú."

Wọ́n ṣí aṣọ lórí Òkúta. Ó mí kanlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Alága ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó kì í, ó ki baba rẹ̀, ó ki baba baba rẹ̀, ó dé orí ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ àti baba ìyàwó náà. Ó yin ìrìn rẹ̀. Ó yin bó ṣe gbé agbọ̀n lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀, tí ilẹ̀ sì mì. Kò sọ pé agbọ̀n náà ṣófo. Alága fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, ètè rẹ̀ sì ń mì tẹ̀lé e lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ọmọ ilé-kéwú. Nígbà tí Òkúta dé ìlà ìgbìmọ̀, ó ku ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí agogo kan tó lù. Orúkọ Àrínpé ló kàn lẹ́yìn àwọn ìgbìmọ̀.

Alága na ọwọ́ sókè.

"Ẹ dá a dúró! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kó tún un bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ òfuurufú kan kọjá nígbà tó dé orí bàbá mi àgbà. Àwọn kámẹ́rà ò ní gbọ́ ọ dáadáa."

Òkúta mí kanlẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Àrínpé dìde. "Ẹ̀yin Alága, mo fẹ́ sáré dé..."

"Ibo? Tí orúkọ rẹ bá dé tí wọn ò rí ọ, kí ni ká sọ? Pé o lọ tọ̀?" Àwọn ará ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín.

Ó lè lọ. Kò sẹ́ni tó dè é mọ́ àga. Lẹ́yìn ìgbà náà, nínú gbogbo ohun tó ń rò lórí ẹní, èyí ló ń gún un jù: ó ti dìde tán, ẹsẹ̀ kan ti kúrò lábẹ́ àga, ó sì fi inú ara rẹ̀ ṣírò pé bí òun bá sáré, ìṣẹ́jú méje tó òun dé Ilẹ̀kùn. Ó jókòó padà.

Òkúta tún dé orí ìyàwó. Ó tún dé orí agbọ̀n. Ó dé orí ìgbìmọ̀, ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀, ó sì wí pé:

"Àrínpé ọmọ Ẹfúnyẹlá. Ọmọ akóẹrẹ̀ tó di Akọ̀wé. Ẹni tó kúnlẹ̀ nínú òjò àkọ́rọ̀, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ olọ́wẹ̀ méjìdínlógójì."

Òun kọ́ ló kọ èyí tó gbẹ̀yìn. Ìwé àká ìlú ni Òkúta ti rí i kà, níbi tí wọ́n ti kọ iṣu sílẹ̀. Gbàgede hó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́, ẹnì kan sì gbá a lẹ́yìn pé ìyá rẹ̀ á máa gbọ́ ní ọ̀run. Nínú àtẹ́wọ́ náà ló ti gbọ́ agogo Ilẹ̀kùn. Ó lù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ó sáré. Gèlè tú, ó jẹ́ kó tú. Ó bọ́ bàtà tuntun sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó ń fẹsẹ̀ lásán gbá ilẹ̀ títí ó fi dé iwájú Ilẹ̀kùn Omi. Irin méjèèjì ti pàdé ara wọn. Ẹnu ọ̀nà dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí ẹyọ ẹnì kan. Láti ẹ̀yìn irin, ó ń gbọ́ bí odò ṣe ń fọwọ́ kan ògiri, pẹ́lẹ́, pẹ́lẹ́.

Ó dojú kọ Ẹlẹ́rìí, ó ń mí hẹlẹ.

"Ìkòkò mi ni," ló wí. "Ìkòkò ọjọ́ àkọ́rọ̀. Tèmi ni."

"Àrínpé ọmọ Ẹfúnyẹlá," ni ẹ̀rọ náà dáhùn, pẹ̀lú ohùn tí kò bínú yẹn, "mo gbọ́. Ìkòkò ti di tìrẹ. Iṣu inú rẹ̀ ti di ẹ̀ṣẹ̀ rẹ." Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ́jú, ó kú. "Àwọn akóẹrẹ̀ méjìdínlógójì jẹ́ àlejò rẹ, kì í ṣe olọ́wẹ̀. Ọgọ́fà ọjọ́ ilẹ̀ gbígbẹ ló tọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kí wọ́n wá gbà á."

"Wọ́n wà níta. Ṣílẹ̀kùn fún wọn."

"Omi ti dé ojú ìlà. Ilẹ̀kùn á ṣí nígbà tí omi bá fà. Kí wọ́n wá gbà á nígbà náà."

Ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́yìn ìkún omi: ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé nǹkan yẹn yẹ kó pa ènìyàn lẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ló tó rí àwọn igbá náà. Ìdí ògiri ni wọ́n tò wọ́n sí, ní ìlà kan, wọ́n dojú wọn dé, ìdí wọn sì wà lókè. Wọ́n ti fọ̀ wọ́n. Omi ṣì ń kán lára wọn. Ó mọ ohun tí ó jẹ́. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ẹni tó bá jẹun lọ́wọ́ ẹni kì í fi igbá ẹlẹ́gbin sílẹ̀ lọ, bó ti wù kí oúnjẹ náà korò tó nígbẹ̀yìn. Ó sì tún mọ ìdajì kejì: akóẹrẹ̀ tó bá fi igbá rẹ̀ sílẹ̀ kò ní padà sí ìlú náà mọ́.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn. Lójú rẹ̀ níbẹ̀ ni aró bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lára igbá àkọ́kọ́, ó ń fà bí òjìji tí oòrùn ń lé, títí ó fi funfun bí ẹfun. Èkejì tẹ̀lé e. Ẹ̀kẹta tẹ̀lé e. Ó ń kà wọ́n bí wọ́n ṣe ń funfun, ó sì kà dé mẹ́tàdínlógójì. Ó tún un kà. Mẹ́tàdínlógójì ni. Ó wá èyí tí wọ́n fi okùn ìpẹja gán lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá a títí. Kò sí níbẹ̀.

Láti gbàgede, ẹnì kan tún kọjá níwájú Òkúta, atẹ́gùn sì gbé ohùn rẹ̀ wá: *Àrínpé ọmọ Ẹfúnyẹlá. Ẹni tó kúnlẹ̀ nínú òjò.*

Lẹ́yìn irin, níbi tí kò lè rí, ọkọ̀ mẹ́rin ń bá omi lọ sí ìsàlẹ̀. Obìnrin olóyún kan wà nínú èkíní. Àgbàlagbà kan jókòó ní ìdí ọkọ̀ náà. Nínú gbogbo wọn, òun nìkan ló mú igbá rẹ̀ dání, nítorí pé ọmọ kan ti wí pé òun ń bọ̀. Láìpẹ́, nígbà tó bá fẹ́ fi gbọ́n omi inú ọkọ̀ dànù, yóò yí i, yóò rí i pé ó ti funfun. Yóò mọ̀ nígbà náà pé ọmọ náà wá. Yóò sì mọ ìgbà tó wá.